Àìṣe Náà, Ìṣe Ni

Kò sí òbí rere tí kò fẹ́ kí ọmọ òun yè, kí ó sì ní ìlera. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí ìfẹ́ nìkan kò tó láti fi ọ̀nà hàn ènìyàn. Ìgbà náà ni ìgbà tí ọmọ ń ṣàìsàn, tí ìtọ́jú tí ó wà fún àìsàn náà ní ewu nínú, tí àìtọ́jú rẹ̀ sì ní ewu pẹ̀lú. Iwájú kò ṣeé lọ, ẹ̀yìn kò ṣeé padà sí. Kí ni ó tọ́ kí òbí ṣe? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Bí ara ọmọ kékeré bá gbóná tí gìrì sì gbé e, jìnnìjìnnì a bo gbogbo agbo ilé. Láyé àtijọ́, àwọn kan a rọ ọ́ ní àgbo tí a fi ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà ṣe. Àwọn mìíràn a ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná kí ó lè jí. Ní àwọn ọdún 1960 àti 1970, àwọn dókítà ní Ìbàdàn tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀. Àgbo náà a máa mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ lọ sílẹ̀, a máa ba ọpọlọ jẹ́, a sì máa pa ọmọ mìíràn. Bẹ́ẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú gìrì tí ibà ń fà ni ì bá dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ta ni yóò wí pé àwọn òbí náà kò fẹ́ràn ọmọ wọn? Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ni ó darí ọwọ́ wọn. Wọn kò lè fara da kí wọ́n máa wò ó láìṣe ohunkóhun. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ohun tí a ṣe kí ọkàn tiwa lè balẹ̀ lè yàtọ̀ sí ohun tí ó ṣe ọmọ ní àǹfààní.

Bí ìkánjú ti lè pa ọmọ lára, bẹ́ẹ̀ náà ni ìfàsẹ́yìn lè pa á lára. Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Ọpọlọ ènìyàn pín sí awẹ́ méjì bí obì gbànja. Awẹ́ ọ̀tún ni ó ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òsì, awẹ́ òsì sì ń darí ti ọ̀tún. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn, awẹ́ òsì yìí náà ni ilé ọ̀rọ̀ sísọ. Ní ọdún 1958, ní Montreal ní ilẹ̀ Kánádà, Dókítà Theodore Rasmussen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àpèjúwe àrùn kan tí ó sábà máa ń mú àwọn ọmọdé, tí ó sì ń jẹ awẹ́ ọpọlọ kan ṣoṣo díẹ̀díẹ̀. Ọmọ tí ó ń sáré kiri a bẹ̀rẹ̀ sí í ní wárápá. Bí ọjọ́ ti ń lọ, ó lè máa gbé e lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́. Ọwọ́ kan a di aláìlágbára, ẹ̀kọ́ tí ọmọ ti mọ̀ a sì máa fò lọ. Bí a bá kó ènìyàn mẹ́wàá tí ó ní wárápá jọ, oògùn lè gba nǹkan bí méje lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn kì í sábà borí irú èyí.

Ohun tí ó lè dá a dúró ni iṣẹ́ abẹ ńlá: kí a yọ awẹ́ tí ó ń ṣàìsàn kúrò, tàbí kí a gé gbogbo ohun tí ó so ó mọ́ èkejì. Ó lè yà yín lẹ́nu pé ẹni tí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún lè wà láàyè, kí ó máa rìn, kí ó máa rẹ́rìn-ín, kí ó sì mọ ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí, nítorí awẹ́ tí ó kù lè kọ́ púpọ̀ nínú iṣẹ́ èkejì rẹ̀, pàápàá bí ọmọ náà bá kéré. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, wárápá náà a dáwọ́ dúró. Ṣùgbọ́n owó ọjà náà wọ́n. Ọwọ́ kan kò ní lè di bọ́tìnnì mọ́. Ojú méjèèjì kò ní lè ríran dé apá kan mọ́. Ọmọ náà lè máa tiro, ó sì lè ní láti tún ọ̀rọ̀ sísọ kọ́. Àwọn díẹ̀ a sì máa kú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò pọ̀ lóde òní.

Wàyí o, ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù nìyí. Bí òbí bá dúró títí àrùn náà fi sọ ọwọ́ ọmọ di aláìlágbára tán, iṣẹ́ abẹ kò ní ohun púpọ̀ láti gbà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́, ọkàn òbí a sì fúyẹ́. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí ó fi ń dúró, wárápá ń da ọpọlọ ọmọ láàmú, ẹ̀kọ́ ń fo ọmọ dá, ọjọ́ orí tí awẹ́ kejì fi lè kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ sì ń kọjá. Bí ó bá sì tètè gbà, ọwọ́ tí ọmọ fi yàwòrán lánàá ni òun fi ẹnu ara rẹ̀ ní kí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Bàbá wo ni yóò fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbọ̀n?

Ẹlòmíràn yóò wí pé, “Èmi kò ní fi ọwọ́ ara mi pa ọmọ mi lára. Bí àrùn bá ṣe é, àrùn ni ó ṣe é, kì í ṣe èmi.” Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Òótọ́ ni pé ẹni tí ó ti ènìyàn sí odò yàtọ̀ sí ẹni tí ó kàn dúró létí odò. Ṣùgbọ́n òbí kì í ṣe èrò ọ̀nà tí ó ń kọjá létí odò. Òun ni a fi ọmọ lé lọ́wọ́. Bí ó bá kọ̀ láti yàn, kì í ṣe pé kò sí ẹni tí ó yàn: ó ti fi àrùn ṣe olùyàn. Nítorí náà ni mo ṣe wí pé àìṣe náà, ìṣe ni. Ẹni tí ó yàn láti dúró gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gba iṣẹ́ abẹ ti gbọ́dọ̀ lè sọ tirẹ̀. “Ẹ̀rù ń bà mí” nìkan kò tó ìdí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo ń wí pé kí a máa gba gbogbo iṣẹ́ abẹ. Ìtàn iṣẹ́ yìí gan-an ń kọ́ wa ní ìrẹ̀lẹ̀. Ní ọdún 1950, Dókítà Rowland Krynauw ti Johannesburg, ní Gúúsù Áfíríkà, kọ̀wé nípa aláìsàn 12 tí òun ti ṣe é fún. Àbájáde rẹ̀ dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn mìíràn fi tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ní àwọn ọdún 1960, a rí i pé ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ ń sun díẹ̀díẹ̀ sínú àyè tí ó ṣófo nínú orí àwọn kan, omi sì ń gbá jọ níbẹ̀. Àwọn kan kú. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ pa á tì. Ní àwọn ọdún 1970, Rasmussen wá ọ̀nà mìíràn: ó fi apá kan ọpọlọ náà sílẹ̀ ní àyè rẹ̀, ó kàn gé e kúrò lára èkejì. Nígbà tí Ben Carson sì ṣe iṣẹ́ yìí fún ọmọdébìnrin kan ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore ní ọdún 1985, tí ó yọrí sí rere, ọ̀pọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á.

Ǹjẹ́ a lè dá àwọn òbí tí ó gbà ní àwọn ọdún 1950 lẹ́bi? Rárá. A kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Wọ́n bèèrè ohun tí ó ṣeé mọ̀ nígbà náà, wọ́n sì yàn nítorí ọmọ. Àbájáde kò sí lọ́wọ́ òbí. Ìwádìí àti òtítọ́ ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bákan náà, òbí àtijọ́ tí ó rọ ọmọ ní àgbo, tí kò sí ẹni tí ó lè bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, àánú rẹ̀ ni ó yẹ kí ó ṣe wá. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1962, Dókítà Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ẹni tí ó bá rí ẹni bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó sì kọ̀ láti bèèrè, ẹ̀bi tirẹ̀ yàtọ̀.

Ohun mẹ́ta, nígbà náà, ni ó yẹ òbí. Èkínní, kí ó bèèrè òtítọ́ nípa ọ̀nà méjèèjì: kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá ṣe é, kí sì ni yóò ṣẹlẹ̀ bí a kò bá ṣe é? Èkejì, kí ó ya ẹ̀rù tirẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ire ọmọ. Ẹ̀kẹta, bí ọmọ bá ti tó ẹni tí ń sọ̀rọ̀, kí ó fetí sí i. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ọmọ kò lè dá ẹrù ìpinnu náà rù, ṣùgbọ́n òun ni yóò fi ara rẹ̀ gbé ìyókù ayé. Ó sì lè jẹ́ pé kí wárápá má gbé òun ní iwájú àwọn ẹgbẹ́ òun jẹ ẹ́ lógún ju ọwọ́ tí à ń sunkún lé lórí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọjọ́ kan lè dé tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò wà ní iwájú yín. Ó sì lè má dé ọ̀dọ̀ yín, kí ó jẹ́ ọ̀dọ̀ aládùúgbò yín ni ó dé. Bí ẹ bá rí òbí tí ọmọ rẹ̀ ń tiro nítorí ohun tí ó gbà, tàbí tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn síbẹ̀ nítorí ohun tí ó kọ̀, ẹ má ṣe yára dá a lẹ́jọ́. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ó mọ̀ ní ọjọ́ tí ó yàn. Ẹni tí ó ní orí ni orí ń fọ́.