Òkìtì Òkúta Láàárín Jákọ́bù àti Lábánì
(Gẹ́nẹ́sísì 31:43–55)

Nígbà tí Lábánì lépa Jákọ́bù tí ó sì bá a ní òkè Gílíádì, kì í ṣe ìfẹ́ ni ó mú kí àwọn méjèèjì dá májẹ̀mú. Olúkúlùkù ń fura sí ẹnìkejì rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n kó òkúta jọ, wọ́n jẹun níbẹ̀, wọ́n sì gbà pé ẹnikẹ́ni kì yóò ré òkìtì náà kọjá láti ṣe ibi.

Irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ni Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ti Sófíẹ́tì kó jọ ní ọjọ́ Kennedy àti Khrushchev. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1962, ohun ìjà àtọ́míìkì tí Rọ́ṣíà kó lọ sí erékùṣù Kúbà mú kí ayé wà ní bèbè ìparun fún ọjọ́ mẹ́tàlá. Nípa àánú Ọlọ́run, àwọn olórí méjèèjì kọ̀wé sí ara wọn, olúkúlùkù sì fi nǹkan sílẹ̀. Rọ́ṣíà kó ohun ìjà rẹ̀ kúrò. Amẹ́ríkà ṣèlérí pé òun kì yóò gbógun ti Kúbà, ó sì gbà ní ìkọ̀kọ̀ láti kó tirẹ̀ kúrò ní Tọ́kì. Nítorí tí ìwé wọn ti pẹ́ ní wákàtí púpọ̀ lọ́nà, wọ́n ta wáyà láti Washington dé Moscow ní ọdún 1963.

Wọn kò torí èyí di ọ̀rẹ́. Ìdíje wọn kò tán títí Sófíẹ́tì fi túká ní ọdún 1991. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ mọ àrùn tí àwọn baba wa ń bẹ̀rù láti pe orúkọ rẹ̀, ẹ gbọ́: Rọ́ṣíà ni ó dá a lábàá ní ọdún 1958 pé kí a lé ìgbóná kúrò ní ayé, ó sì fi oògùn àjẹsára púpọ̀ ta àwọn orílẹ̀-èdè lọ́rẹ. Amẹ́ríkà fi owó àti àwọn oníṣègùn kún un, iṣẹ́ náà sì dé ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1980 a kéde pé àrùn náà ti tán.

Ará, àwa tí a jùmọ̀ ń kúnlẹ̀ níwájú tábìlì Olúwa tí a kò sì kí ara wa ní ìta ńkọ́? A máa ń wí pé nígbà tí ọkàn wa bá rọ̀ ni àwa yóò sọ̀rọ̀. Lábánì kò dúró de ìgbà náà. Òtítọ́ ni pé òkìtì òkúta kì í ṣe ìfẹ́ Kristi. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀nà rẹ̀ ni. Ẹni tí kò tíì lè fẹ́ràn, kí ó kọ́kọ́ dẹ́kun ìpalára, kí ó ránṣẹ́ sí ẹnìkejì rẹ̀, kí wọ́n sì jùmọ̀ ṣe iṣẹ́ rere kan. Ẹ má ṣe jẹ́ kí oṣù yìí parí kí a tó bẹ̀rẹ̀. Kí Ọlọ́run àlàáfíà ràn wá lọ́wọ́. Àmín.