Àdéhùn Iṣẹ́ Ilé Kíkọ́, Àmáánà Ni



Ẹsẹ kìíní Sùúrátúl-Máídah pa á láṣẹ fún àwa onígbàgbọ́ òdodo pé kí á máa mú àdéhùn ṣẹ. Àdéhùn ayàwòrán-ilé, ẹnjiníà àti bíríkìlà wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù November 2021, ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí, l'Ékòó. Ẹ̀mí tó bá a lọ lé ní 40. Ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà kan ti kọ̀wé fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ láti February 2020.

Àwa tí à ń kọ́ iṣẹ́ yìí ní Ẹdẹ, kí ni kí á rí kọ́? Ẹni tó gba owó rọ́ọ̀dù tó nípọn, tó wá ra tín-ín-rín, olè ni, bó ti wù kó máa kírun tó. Sùúrátúl-Mutọffifín ti kìlọ̀ fún àwọn adínwọ̀n-kù. Bí onílé bá ní kí á fi àjà kún èyí tí ìjọba fọwọ́ sí, kí á kọ̀, kí á kọ ọ́ sínú ìwé, kí á sì fi tó ìjọba létí. Torí pé kíkúrò níbẹ̀ nìkan kò lè gba ẹni tí yóò sùn lábẹ́ rẹ̀ là. Bí owó iṣẹ́ bá bọ́, Ọlọ́hun ni Olùpèsè.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe olùpa àmáánà mọ́. Àmín.