Ọmọ Tí Kò Gbọ́ àti Ọmọ Tí Kò Gbọ́ràn

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan: bí èèyàn bá ṣe ọmọdé níbi nítorí pé kò mọ̀, ṣé ó jẹ̀bi?

Ẹ wo ọmọ tó jókòó lẹ́yìn kíláàsì. Tíṣà pè é lẹ́ẹ̀mẹta, kò dáhùn. Tíṣà ní aláìgbọràn ni, ló bá fà á létí. Bẹ́ẹ̀, etí tó ń fà yẹn gan-an ni kò ṣiṣẹ́! Nínú èdè wa, “kò gbọ́” àti “kò gbọ́ràn” fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra, àmọ́ ọ̀kan jẹ́ ọ̀rọ̀ ara, èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwà. Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ á na ọmọ nítorí ohun tí kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ẹ lè sọ pé, “Kò mọ̀ ni, inú rẹ̀ mọ́.” Mo gbà. Ṣùgbọ́n inú mímọ́ nìkan kì í kọ́ ọmọ ní èdè. Ọdún mélòó kan àkọ́kọ́ ni ọpọlọ ọmọ máa ń gba èdè jù. Ìdí nìyẹn táwọn onímọ̀ fi ní kí wọ́n yẹ etí ọmọ wò kó tó pé oṣù 1, kí wọ́n mọ ohun tó ń ṣe é kó tó pé oṣù 3, kí ìrànlọ́wọ́ sì bẹ̀rẹ̀ kó tó pé oṣù 6. Bí nọ́ọ̀sì tàbí tíṣà kò bá mọ ohun tó yẹ kó wò, àwọn ọdún yẹn á kọjá lọ, wọn kò sì ní í padà.

A máa ń sọ pé bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Irọ́ ni ti ọmọ yìí. Ó ń rí ẹnu tó ń mì, ó ń rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín, kò sì mọ ohun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí. Inú rẹ̀ ń bàjẹ́.

Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, dití lọ́mọ ọdún 11. Ní 1957 ó dá ilé-ìwé adití sílẹ̀ ní Ghana, lẹ́yìn náà ó wá sí Nàìjíríà. Kò fi mọ sórí kíkọ́ àwọn ọmọ. Ó tún kọ́ àwọn olùkọ́, adití bíi tirẹ̀ sì wà lára wọn. Ó mọ̀ pé àánú tí kò ní ìmọ̀ kì í pẹ́ rẹ̀.

Ìdáhùn mi rèé. Tíṣà tí ẹnikẹ́ni kò kọ́, ẹ̀bi rẹ̀ kéré. Àwa tó fi í síwájú àwọn ọmọ láìkọ́ ọ, tiwa ló pọ̀ jù. A máa ń dáwó ra lasipíkà kí gbogbo ìjọ lè gbọ́. Ṣé a kò lè dáwó rán tíṣà méjì lọ kọ́ èdè ọwọ́?

Kó tó dìgbà yẹn, ẹ gbé ọmọ náà sí iwájú, kó jìnnà sí ariwo jẹnẹrétọ̀. Ẹ kọjú sí i kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá pẹ́ kó tó dáhùn, ẹ gbé e lọ yẹ etí rẹ̀ wò, kẹ́ ẹ tó pè é ní aláìgbọràn.