Ta ni Ó Jẹ̀bi Nígbà tí Ajá Bá Bu Ọmọ Jẹ?

Nígbà tí ajá ilé bá bu ọmọ ilé jẹ, ẹjọ́ méjì ni a sábà máa ń dá lójú ẹsẹ̀. Bí a kò bá ní kí a lé ajá jáde, a óò ní ọwọ́ ọmọ ni kò gbélé. A ó na ajá, a ó jágbe mọ́ ọmọ, ọ̀rọ̀ a sì parí síbẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ǹjẹ́ kò ha ṣẹ́ku ẹnì kan tí ó yẹ kí ó jẹ́jọ́?

Ajá kì í ṣe àlejò láàrin wa. Òun ni ó ń bá ọdẹ rìn nínú igbó, òun ni ó sì ń ṣọ́ ilé lóru. Síbẹ̀, kò lè sọ̀rọ̀. Bí nǹkan kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ara ni ó fi ń sọ ọ́: yóò kùn, yóò yọ eyín, ara rẹ̀ yóò sì le gbagidi. Àgbà tí ó bá fara balẹ̀ yóò mọ ohun tí èyí jẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò lè mọ̀ ọ́n. Lójú tirẹ̀, eyín tí ajá yọ lè jọ ẹ̀rín. Ẹni méjì tí kò gbọ́ èdè ara wọn ni a fi sílẹ̀ nínú àgbàlá kan náà, tí a sì ń retí àlàáfíà.

Àwọn kan yóò ní kí a sáà fi ajá dẹ́rù ba ọmọ, kí ó lè máa sá fún un. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀rù bá bà yóò ké, yóò sì sáré. Bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ń sá ni ajá ń lé. Àwọn mìíràn yóò ní ẹranko lásán ni, kí ọmọ ṣe é bí ó ti wù ú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò, kí ó lè mọ bí ó ti ń dùn ún. Orí òwe yìí ni ó yẹ kí ẹ̀kọ́ wa dúró lé. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé ajá ń mọ ìrora kò ní fa ìrù rẹ̀, kò ní fọwọ́ kàn án nígbà tí ó bá ń jẹun, tí ó bá ń sùn, tàbí tí ó bá ń fún ọmọ lọ́mú. Bí ajá àjèjì bá sì sún mọ́ ọn, yóò dúró jẹ́ẹ́ bí igi, kò ní tẹjú mọ́ ọn.

Ọ̀ràn tí ó wúwo jù wà níhìn-ín: àrùn dìgbòlugi. Inú itọ́ ajá tí ó bá ní in ni ó ń gbà wọ ojú egbò, ó sì lè fara pamọ́ fún oṣù mélòó kan. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi kí ènìyàn tó yè é. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú 100 ènìyàn tí ó ń pa, nǹkan bí 40 ni ó jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1885, nígbà tí Louis Pasteur fún Joseph Meister, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní abẹ́rẹ́ ní ìlú Paris, ni a ti mọ̀ pé ó ṣe é dá dúró bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀. Kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí a sì gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún wa pé ajá bu òun jẹ? Ọmọ tí ó mọ̀ pé ẹgba ni a óò kọ́kọ́ fi kí òun yóò fi ṣòkòtò bo ojú eyín ajá mọ́lẹ̀. Ìbáwí wa ni ó pa á lẹ́nu mọ́.

Nítorí náà, èrò mi ni pé àgbà ni ẹjọ́ kàn: àgbà tí kò mú ajá lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ oníṣègùn ẹranko, tí kò jókòó ti ọmọ kékeré àti ajá, tí kò sì kọ́ ọmọ. Àwa tí a ó di olùkọ́ lọ́la kò gbọ́dọ̀ bá wọn pín nínú ẹ̀bi yìí. Bí ọmọ bá tọ̀ wá wá pẹ̀lú ẹkún, ẹ jẹ́ kí a bi í pé, "Níbo ni ó ti bù ọ́ jẹ?" kí a tó bi í pé, "Kí ni o lọ ṣe níbẹ̀?"