Orí Là Bá Bọ

Orí là bá bọ, à bá fòrìṣà sílẹ̀. Àwọn àgbà kò ní ká da òrìṣà nù. Wọ́n ń sọ pé ibi tí ilé àti ojúbọ ò lè báni dé, orí ẹni á báni débẹ̀.

Ẹ wo àwọn Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń tú. Ìdílé fọ́nká, àwọn olówó ẹrú yí orúkọ wọn padà, oko ìrèké gbà wọ́n. Obì tí wọ́n fi ń bọrí ṣọ̀wọ́n lọ́hùn-ún, ni wọ́n bá fi àgbọn rọ́pò rẹ̀.

Oko ẹrú parí ní 1886, Spéìnì tó ń ṣàkóso Kúbà kẹ́rù ní 1898, Fidel Castro gbàjọba níbẹ̀ ní 1959. Síbẹ̀, àwọn àtọmọdọ́mọ wọn ò yé bọrí. Ẹni tí ayé rẹ̀ bá dàrú á wọ funfun, á jókòó. Wọn á rin àgbọn, wọn á pò ó mọ́ ẹfun, wọn á gbé e lé e ní àtàrí, wọn á sì fi aṣọ funfun wé e.

Ìbọrí yìí ni wọ́n fi ń fara dà á, ẹlòmíràn ló sì sábà máa ń báni ṣe é. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ti àwọn tó ń pe ìfaradà ní ọ̀rọ̀ àdáṣe.