Ojú Wo Ni Ẹṣin Fi Ń Wo Ayé?

Ní 1910, Franz Marc, ayàwòrán ọmọ Jámánì, ya ẹṣin kan tó kẹ̀yìn sí ẹni tó ń wò ó. Èèyàn ò rí ojú ẹṣin náà dáadáa. Ìdí, ọrùn àti gọ̀gọ̀ rẹ̀ ló hàn, lẹ́yìn náà pápá tó tẹ́ lọ níwájú rẹ̀, èyí tí òun fúnra rẹ̀ tẹjú mọ́. Àwòrán yìí wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Folkwang ní ìlú Essen, ní Jámánì. Ẹni tó bá dúró síwájú rẹ̀ yóò ṣàkíyèsí pé ẹ̀yìn ẹṣin ni wọ́n fi òun sí, pé ohun tí ẹṣin ń wò lòun náà ń wò.

Kì í ṣe èèṣì. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, Marc kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun fẹ́ mọ bí ayé ṣe rí lójú ẹṣin, lójú ẹyẹ idì, lójú àgbọ̀nrín àti lójú ajá. Ó bẹnu àtẹ́ lu àṣà kí èèyàn máa gbé ẹranko sínú pápá tí ojú ọmọ aráyé rí, nígbà tó yẹ kí ayàwòrán gbìyànjú láti wọ inú ọkàn ẹranko náà lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni èyí kó tó di ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà. Marc, tí wọ́n bí ní Munich ní 1880, fẹ́ di àlùfáà nígbà èwe rẹ̀. Ní 1906, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Paul rìnrìn àjò lọ sí Òkè Athos ní ilẹ̀ Gíríìsì, níbi tí àwọn mọ́ńkì ti ya ara wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà. Ìwà mímọ́ tí irú ọ̀dọ́mọkùnrin bẹ́ẹ̀ ń wá lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ara ẹranko ló padà ti ń wá a. Kò sì fi ìfẹ́ lásán wá a. Ó kọ́ nípa egungun àti iṣan ẹranko débi pé ó ń fi kíkọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ìmọ̀ náà gbọ́ bùkátà.

Ìmọ̀ yẹn hàn lára àwọn káàdì tó ń fi ránṣẹ́ sí Else Lasker-Schüler, akéwì ọmọ Júù tó ń gbé ní Berlin. Yíǹkì àti ọ̀dà olómi ló fi ya ẹranko sí ara wọn. Èyí tó lókìkí jù jẹ́ ìkíni ọdún tuntun 1913: ẹṣin mẹ́rin aláwọ̀ aró tí wọ́n tò léra bí ilé ìṣọ́, tí oṣù àti ìràwọ̀ wà lára wọn, lórí páálí tí gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 14 lọ. Yíǹkì kì í gba ẹ̀bẹ̀. Ibi tí ọwọ́ bá gbé e gbà ló gbà, kò sí pé a ó pa á rẹ́ lọ́la. Ìlà kan ṣoṣo tó bá tẹ̀ níbi ọrùn ẹṣin ti tó láti fi hàn bóyá ẹni tó fà á mọ ẹṣin, tàbí ńṣe ló ń méfò.

Ṣùgbọ́n ṣé mímọ ara ẹṣin ti tó láti fi ojú ẹṣin wo ayé? Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ẹṣin wà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rí gbogbo àyíká rẹ̀ láì yí ọrùn, àfi gbọnrangandan iwájú orí rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí i pé ẹṣin mọ àwọ̀ aró àti àwọ̀ ìyeyè yàtọ̀ síra, pé pupa ni kò hàn sí i bó ṣe hàn sí wa. Nínú lẹ́tà tó kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ August Macke ní ìparí 1910, Marc fi àwọ̀ aró ṣe àwọ̀ ẹ̀mí, ó fi ìyeyè ṣe àwọ̀ ayọ̀ àti ìwà pẹ̀lẹ́, ó sì fi pupa ṣe àwọ̀ ohun tó wúwo tó sì le. Èèyàn ló pín àwọ̀ báyìí; ẹṣin kankan ò sí níbẹ̀. Ní 1974, Thomas Nagel, onímọ̀ èrò ìjìnlẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, fi àdán ṣe àpẹẹrẹ irú ìṣòro yìí: bí a tilẹ̀ mọ gbogbo bí ara àdán ṣe ń ṣiṣẹ́, a kò tíì mọ bó ṣe ń rí lára àdán pé òun jẹ́ àdán.

Ayàwòrán Picasso ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ dábàá láti fi ojú ẹranko wo ayé. Láàárín oṣù Kejìlá 1945 sí oṣù Kìíní 1946, ní ilé ìtẹ̀wé Mourlot ní Paris, ó ya akọ màlúù sórí òkúta ìtẹ̀wé, ó ń ha á, ó ń tún un yà, wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìpele-ìpele títí ó fi di mọ́kànlá. Màlúù tó kọ́kọ́ sanra bọ̀kọ̀tọ̀ di èyí tí wọ́n fi ìlà pín bí ẹran lórí igbá alápatà, ó sì parí sí ìlà díẹ̀ pẹ̀lú orí bíńtín. Iṣẹ́ àrà ni. Síbẹ̀ màlúù ìkẹyìn yẹn kò wo nǹkan kan. Àwa là ń wò ó, àwa la sì ń yọ̀ pé a ṣì dá a mọ̀. Níbi tí Picasso ti ń bi ojú èèyàn léèrè bí ohun tó nílò ti kéré tó, Marc fẹ́ kí ojú èèyàn yẹ̀ díẹ̀ kí ẹlòmíràn ríran.

Marc fúnra rẹ̀ ni kò dúró ti ìbéèrè náà. Ní oṣù Kẹrin 1915, ó kọ̀wé láti ojú Ogun Àgbáyé Kìíní sí ìyàwó rẹ̀ Maria pé láti ìgbà èwe lòun ti rí èèyàn bí ohun tí kò dára, pé ẹranko ló mọ́ lójú òun, ṣùgbọ́n òun ti wá rí ohun tó burẹ́wà lára ẹranko náà. Ìdí nìyẹn tí àwòrán rẹ̀ fi ń kúrò lára ẹ̀dá tó ṣe é dá mọ̀.

Ìdájọ́ yẹn kò tọ́ sí ẹranko. Ẹṣin kò fìgbà kan jẹ́jẹ̀ẹ́ ìwà mímọ́; Marc ló gbé ẹ̀jẹ́ náà wá láti ilé ẹ̀sìn, ló so ó mọ́ ẹṣin lọ́rùn, tó wá ń bínú nígbà tó já. Ẹni tó sọ ẹranko di ẹni mímọ́ kò tíì rí i, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kà á sí ẹran ọbẹ̀ lásán kò ṣe rí i. Ẹṣin 1910 tó kẹ̀yìn sí wa ni kò sí ẹ̀jẹ́ kankan lọ́rùn rẹ̀. Kò ṣèlérí ohunkóhun. Pápá ló ń wò.

Ní ọdún 1915 kan náà, Marc fi pẹ́ńsù ya àwòrán 36 sínú ìwé kékeré kan lójú ogun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìlà àti igun tó ń fọ́n ká. Àmọ́ ẹni tó bá fara balẹ̀ wò wọ́n yóò rí ẹṣin níbẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta 1916, èérún àdó olóró pa á lẹ́bàá Verdun, nígbà tí orúkọ rẹ̀ ti wà lára àwọn oníṣẹ́ ọnà tí ìjọba fẹ́ yọ kúrò lójú ìjà.