Iná Tó Relẹ̀

Ibi kíkà: Léfítíkù 6:8–13

Olùfẹ́, jókòó díẹ̀ kí a jọ wo iná.

Ní Tokpota, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Àjàṣẹ́, gáàsì ti wọ ilé àwọn kan, ṣùgbọ́n igi àti eèdú ṣì ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ń dáná. Wo ìsàlẹ̀ àdògán onírin: ihò kan wà níbẹ̀, ti àwọn àdògán mìíràn sì ní ilẹ̀kùn pẹlẹbẹ. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé.

Ẹni tó ń dáná mọ̀ pé igi nìkan kò lè jó. Nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn, á ṣí ilẹ̀kùn náà sílẹ̀ gbayawu, á fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, iná á sì máa jó lala. Ẹ̀wà kò tíì gbóná nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ ni igi ń tán.

Bí ẹyin iná bá ti pọ́n dáadáa, á wá rọra fa ilẹ̀kùn náà dé, láì tì í pa. Ọwọ́ iná á relẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á ní iná ti ń kú lọ. Ìgbà yìí gan-an ni ẹ̀wà ń jinná, tí igi díẹ̀ ń pẹ́.

Ìwọ ni mo ń rò, olùfẹ́, ìwọ tí ò ń sunkún pé àdúrà rẹ kò gbóná mọ́ bíi ti ìgbà tí o kọ́kọ́ mọ Olúwa. Nígbà náà, o lè fi orin mọ́jú. Nísinsìnyí, gbólóhùn méjì péré lo máa ń rí sọ kí o tó sáré lọ sí ọjà Ouando. O wá ń pe ara rẹ ní apẹ̀yìndà. Ta ló sọ fún ọ? Ìyá arúgbó tí ò ń wẹ̀ láràárọ̀, ẹni tí ò ń dárí jì léraléra láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ooru wo lo fi ń ṣe é? Èmi kò gbà pé Ọlọ́run bínú sí iná tó relẹ̀. Mo gbà pé ọwọ́ Rẹ̀ ló wà lára ilẹ̀kùn náà.

Èéfín ni kí a ṣọ́ra fún. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, igi kì í jó tán. Ohun tó yẹ kó di ooru á di èéfín, á máa ta àwọn ará ilé lójú. (Èéfín ilé ìdáná kì í ṣe ohun kékeré o. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé èéfín inú ilé pa ènìyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 ní ọdún 2020. Jọ̀wọ́, ṣí fèrèsé.)

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkàn wa. Bí ìdáhùn wa nílé bá ti di ìkanra, a máa ń sáré to igi lé e: ẹ̀jẹ́ tuntun, ààwẹ̀ tuntun, ẹgbẹ́ mìíràn nínú ìjọ. Èéfín náà á tún pọ̀ sí i ni. Eérú ló dí ihò.

Nínú Léfítíkù, àlùfáà á kọ́kọ́ kó eérú òru kúrò lórí pẹpẹ láàárọ̀, kó tó to igi tuntun. Iná náà kò gbọdọ̀ kú, síbẹ̀ Ọlọ́run mọ̀ pé eérú yóò máa wà. Kò bá àlùfáà wí nítorí rẹ̀. Aṣọ ọ̀gbọ̀, aṣọ iṣẹ́ mímọ́, ni Ó ní kó wọ̀ láti fi kó o.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ sí ọ lánàá, owó tí kò wọlé, ìbẹ̀rù nípa ọmọ: eérú ni. Olùfẹ́, má tíì fi igi kún un láàárọ̀ yìí. Sọ wọ́n fún Olúwa lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o jẹ́ kí Ó kó wọn, kí o tó lọ sẹ́nu iṣẹ́ rẹ.